Oje Igi, Ṣúgà àti Ọ̀gógóró: Ìdí tí Àwọn Ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ kò fi Se Ẹmu di Ṣúgà

1. Ìfáàrà

Ní Kánádà àti ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, ìdílé tí ó bá fẹ́ máa jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ a máa dá ihò lu ara igi maple nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, a gbe oje rẹ̀, a sì sè é títí yóò fi di ṣúgà. Nǹkan bí 40 lítà oje ni ó ń di lítà 1 omi dídùn tí ó ki. Ní 1791, Benjamin Rush, oníṣègùn ará Philadelphia, kọ̀wé pé ṣúgà inú ilé yìí lè ba ọjà ṣúgà ìrèké tí àwọn ẹrú ń ṣe jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà, nítorí pé ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ sí oko ìrèké Cuba àti Bahia.

Àwa náà ní igi tí oje rẹ̀ dùn. Kí ni kò jẹ́ kí àwọn bàbá wa sè é di ṣúgà? Ìdáhùn tí ó yá ènìyàn lẹ́nu ni pé wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú bébà yìí ni pé ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà.

2. Ilẹ̀ àti Igi

Ìlú Àwórì ni Ìsọlọ̀. Ìtàn Èkó so orúkọ Òṣòdì mọ́ Òṣòdì Tápà, ìjòyè Ọba Kòsọ́kọ́, tí ó kú ní 1868. Kí títì àti ilé-iṣẹ́ ńlá tó dé, oko àti àbàtà ni agbègbè yìí. Ọ̀pẹ ń hù ní ilẹ̀ gbígbẹ, ògùrọ̀ ń hù ní àbàtà. Adẹ́mu a fi igbà gun ọ̀pẹ, a so akèrègbè mọ́ ojú ibi tí ó dá, a sì padà wá gbé e ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Bí a bá fi ojú dídùn nìkan wò ó, ọ̀pẹ ju maple lọ. Nínú ìwọ̀n 100 oje maple, ṣúgà inú rẹ̀ kò ju 2 tàbí 3 lọ. Ti ẹmu tútù a máa tó 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní India àti Cambodia, oje irú igi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sè di ṣúgà títí di òní.

3. Kíkan kì í ṣe Bíbàjẹ́

Ojú ọjọ́ ni ìdí kìíní. Inú òtútù ni oje maple ń sun, kì í sì í tètè kan. Ẹmu ń hó láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn ará India a máa fi ẹfun sínú ìkòkò kí oje má baà kan. Àwọn bàbá wa kò wá irú ìdènà bẹ́ẹ̀, nítorí pé kíkan náà gan-an ni wọ́n ń fẹ́. Ẹmu ni a fi ń bọ Ògún, òun ni a gbé lọ sí ìdána, òun ni a sì fi ń ṣe àlejò. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ adùn ní oyin, ìrèké àti àgbáyun. Ta ni yóò wá fi igi ìdáná ṣòfò lórí ohun tí ó níye lórí bí ó ti wà?

4. Iná dé Abẹ́ Ẹmu

Ẹ̀rí tí ó fìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ ni pé nígbà tí èrè wà nínú sísè, wọ́n sè é. Ìpinnu Saint-Germain-en-Laye ti 1919 ka àwọn ọtí líle olówó pọ́ọ́kú léèwọ̀ ní Áfíríkà, ó sì ka pípọn ọtí líle níbẹ̀ léèwọ̀ pẹ̀lú. Jíínì òkèèrè tí ó ṣẹ́ kù gbówó lórí, ìjọba sì ń gba owó ibodè lórí rẹ̀. Lẹ́yìn 1929, owó kòkó àti epo pupa já wálẹ̀. Láàárín 1930 sí 1939, ọ̀gógóró tàn kálẹ̀ ní gúúsù Nàìjíríà. Ẹmu tí ó ti kan ni wọ́n ń dà sínú dírọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń dáná sí; ooru rẹ̀ a gba inú páìpù bàbà kọjá nínú omi tútù, a sì kán sílẹ̀ ní ọtí líle. Iṣẹ́ yìí le ju síse ṣúgà lọ. Ọlọ́pàá mú àwọn tí ń ṣe é, adájọ́ sì rán wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ìjọba ń sọ pé májèlé ni. Owó ibodè tí ó ń bọ́ lọ́wọ́ wọn kò sì kúrò lọ́kàn wọn.

Kò yẹ kí a tìtorí èyí fojú fo ewu rẹ̀. Ní 2015, methanol tí ó wà nínú ọtí pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìjọba àpapọ̀ sì fi òfin de ọ̀gógóró ní ọdún náà.

5. Ìkádìí

Lẹ́yìn 1960 ni àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ bí Aswani àti Afprint gba ilẹ̀ Ìsọlọ̀, títì Òṣòdì sí Àpápá sì tẹ̀lé wọn. Ọ̀pẹ kò ní àyè mọ́. Ìjọba dá ilé-iṣẹ́ ṣúgà Bacita sílẹ̀ ní 1961, ṣùgbọ́n lónìí, Brazil ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ṣúgà tútù tí a ń fọ̀ ní Èkó ti ń wá: ilẹ̀ kan náà tí a kó àwọn ènìyàn wa lọ láti gbin ìrèké.

Nítorí náà, kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe ni kò jẹ́ kí a ní ṣúgà ọ̀pẹ. Ojú ọjọ́, ìlò, iye owó ọjà àti òfin ni ó ń pinnu ohun tí ìdílé yóò sè. Mo dá a lábàá pé kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tètè lọ gbọ́ tẹnu àwọn adẹ́mu àgbà tí ó kù ní ilẹ̀ Àwórì, kí ìmọ̀ wọn má baà bá ọ̀pẹ lọ.