Justus Akínsànyà: Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ìjẹ̀bú tó Di Ọ̀jọ̀gbọ́n

Justus Akínsànyà (1936–2005) jẹ́ nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ Òkun-Ọ̀wà ni, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìlú tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ náà ló sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, títí ó fi di díìnì ẹ̀ka ìlera ní yunifásítì Anglia Polytechnic, èyí tí à ń pè ní Anglia Ruskin lónìí. Àwọn onímọ̀ mọ̀ ọ́n jù fún ẹ̀kọ́ tó pè ní bionursing. Ní tèmi, ìwé tó kọ nípa nọ́ọ̀sì mìíràn ló yẹ kí àwa Yorùbá tètè máa fi rántí rẹ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ bionursing yẹn, ohun tó jẹ Akínsànyà lógún ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì a há ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn sórí, wọn a fi yege ìdánwò, wọn a sì fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ó fẹ́ kí ìmọ̀ yẹn wà lọ́wọ́ tó ń tọ́jú aláìsàn. Ẹ jẹ́ ká wo bàbá arúgbó kan tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Kò sí nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ máa yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ síbẹ̀ yóò wo aago, yóò yí bàbá padà, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé ibi tí egungun bá ti fún ẹran ara mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè kọjá, àti pé ẹran ara tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ń kú díẹ̀díẹ̀ ni, yóò wo gìgísẹ̀ àti ìbàdí kó tó kúrò níbẹ̀. Ìwé òyìnbó sọ fún un pé kó wá ibi tó pọ́n. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni yóò fi mọ̀ pé ibì kan gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ, ìka ni yóò fi mọ̀ pé ó ti ń le. Nípa bẹ́ẹ̀, yóò ti rí egbò kí egbò tó yọjú.

Ní 1980, òun àti Jack Hayward kọ àpilẹ̀kọ lórí bionursing sínú ìwé ìròyìn Nursing Times. Ní 1987, ó là á kalẹ̀ ní kíkún nínú Journal of Advanced Nursing.

Ọdún 1987 yẹn kan náà ni ìwé rẹ̀, An African "Florence Nightingale", jáde. Ìtàn ìgbésí ayé Olóyè Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt ni. Ọmọ Èkó ni obìnrin yìí, tíṣà sì ni kó tó di nọ́ọ̀sì: ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní United Missionary College n'Ìbàdàn, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní CMS Girls' School l'Ékòó. Ní 1946 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì olókìkí, fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọsibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ètò ìlera NHS sílẹ̀ ní 1948, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ètò náà. Aláìsàn kan kọ̀ jálẹ̀ pé aláwọ̀ dúdú kò ní fọwọ́ kan òun. Kò tìtorí ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó padà sílé, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ọsibítù University College Hospital (UCH) n'Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba àpapọ̀, ó tún ṣe kọmíṣọ́nnà ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní 1973, Ẹgbẹ́ Red Cross fún un ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale. Ó jáde láyé ní 1992.

Mo gbé ọ̀rọ̀ Olóyè Pratt síbí nítorí bí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe rí. Aláìsàn tó bá gbádùn a máa dárúkọ dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ẹni tó bá a ṣọ́ òru, tó nù ún lára, tó fi ṣíbí fún un ní omi, "Nọ́ọ̀sì" lásán ló ń jẹ́, tàbí "Sísítà". Bí ẹni náà bá fẹ̀yìn tì, orúkọ rẹ̀ a wọlé lọ. Akínsànyà mọ èyí, nítorí òun náà ti wọ aṣọ iṣẹ́ yẹn. Ó jókòó, ó fi orúkọ Olóyè Pratt sínú ìwé nígbà tí ìyá náà ṣì wà láyé.

Ọdún 2005 ni òun náà kú. Mọ́tò kì í pẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde láti Òkun-Ọ̀wà, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sì wà níbẹ̀, tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́ tó fi ayé rẹ̀ ṣe.