Gé E, Tò Ó, Jẹ́ Kó Ṣú

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tuntun kan yóò pẹ́ láyé, Ọjà Ọba l'Adó-Èkìtì ni kí á gbé e lọ. Kí á dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tò àti fídíò, kí jẹnẹrétọ̀ máa ké, kí ọlọ́kadà máa fọn fèrè, kí ọ̀gá sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kó máa pàṣẹ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ṣeé fi pariwo níbẹ̀, inú ìwé ni yóò kú sí. "Gé e níbẹ̀!" yóò dé etí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ. "Ṣe àmúlò ìlànà ìyọkúrò àwòrán!" kò ní dé ibì kankan.

Ibi tí mo ti ń bá àwa tí à ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ jà nìyẹn. Ọ̀rọ̀-orúkọ là ń wá kiri. A rí ẹ̀rọ tuntun, a sọ ọ́ lórúkọ gbọọrọ tó ń ròyìn iṣẹ́ rẹ̀: ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó dùn lẹ́nu oníròyìn, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ni ìyá ń ní kí ọmọ lọ pa. N kò sọ pé kí ìgbìmọ̀ má jókòó o. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èkejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, wúlò fún wa gan-an, nítorí pé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wà tí olùkọ́ ti ń lo ọ̀rọ̀ inú wọn, ìdánwò sì wà níwájú akẹ́kọ̀ọ́. Ta ni yóò ṣe ìdánwò fún ẹni tó ń to fídíò ìgbéyàwó ní Ọjà Ọba?

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́: gé, fà, tò, sún, bò, dín, fi kún. Ẹni tó ti lé lógójì ọdún kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ti mọ gbogbo wọn níbi iṣẹ́ mìíràn. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀. Àgbà Èkìtì tó ń pe ilé ní ulé, tó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, lè pe ìgé ní ùgé, ṣùgbọ́n gé kò yí padà lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn onífọ́tò ti ṣe irú èyí rí láìpe ìpàdé. Wọ́n mú "yà" tí à ń lò fún àwòrán, wọ́n ní àwọn ń ya fọ́tò. Wọ́n rí i pé inú omi oògùn ni fíìmù ti ń di àwòrán, wọ́n ní àwọn ń fọ fíìmù. Bí sinimá ṣe wá dé ni kò jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Láyé àwọn fíìmù bí Àjàní Ògún (1976), Ayé ti Hubert Ogunde (1979) àti Ọ̀run Móoru ti Baba Sala (1982), òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ ọ̀pọ̀ fíìmù wa, tí wọ́n sì ti ń tò wọ́n. Ọmọ iṣẹ́ tó wà nílé kò rí yàrá tí wọ́n ti ń fi àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù to fíìmù. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá gbé yàrá náà dé ṣọ́ọ̀bù, ó ti gbé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dání.

Nítorí náà, gé. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ti ń ránṣọ láti ìgbà èwe, tó wá pinnu láti kọ́ fídíò. Ọ̀gá ní kó gé e, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ohun tó mọ̀ ni pé aṣọ tí a bá ti gé kì í padà di odindi. Ọwọ́ yẹn kò jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ ló tàn án jẹ, nítorí pé kọ̀ǹpútà kò gé ohunkóhun. Ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti ibí dé ibí ni kí òun máa fi hàn, fáìlì tí kámẹ́rà yà sì wà ní odindi níbi tó wà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, cut, kò sàn ju tiwa lọ, nítorí ayé àlùmọ́gàjí ni òun náà ti wá. Èmi ò ní torí èyí kọ gé sílẹ̀, ó ti yá jù lẹ́nu. Ọ̀gá ni kó tètè ṣàlàyé pé àmì là ń fi sílẹ̀: "Sàmì ìbẹ̀rẹ̀, sàmì òpin."

Èyí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni "fi pamọ́". Akẹ́kọ̀ọ́ to fídíò rẹ̀ tán, ó fi pamọ́, ó wá pa fáìlì kámẹ́rà rẹ́ kí àyè lè wà lórí kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ kejì, ojú iṣẹ́ rẹ̀ pupa fòò: ẹ̀rọ ń wá fídíò kò rí i. Àṣẹ nìkan ló fi pamọ́. Kí á máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, "fi àṣẹ pamọ́", kí ó yàtọ̀ sí "yọ fídíò jáde". Ní ti rẹ́ńdà tó wà láàrin méjèèjì, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń sọ àṣẹ di fídíò, "sè" ni mo fara mọ́. Àṣẹ àti fídíò tútù ni kọ̀ǹpútà ń gbé kaná, ara rẹ̀ sì ń gbóná lóòótọ́. Oníbàárà tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yóò gbà bí wọ́n bá sọ fún un pé kò tíì jinná.

Ibì kan wà tí èdè wa ti ṣáájú àwọn onífíìmù dé. Walter Murch, ọmọ Amẹ́ríkà, ń to fíìmù The Conversation tó jáde ní 1974, ó sì ṣàkíyèsí pé ibi tí òun ń gé sí sábà máa ń súnmọ́ ibi tí òṣèré Gene Hackman ti ń ṣẹ́jú. Ó wá kọ ìwé lé e lórí, pé ẹni tó ń wòran máa ń ṣẹ́jú níbi tí èrò kan bá parí sí, pé ibẹ̀ ló yẹ kí á gé. Àwa tí à ń fi ìṣẹ́jú ka àkókò, tí ìṣẹ́jú àáyá sì ni ìwọ̀n wa tó kéré jù! Àwòrán 24 ni sinimá ń fi hàn láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹlifíṣọ̀n wa ń fi 25 hàn, nítorí pé iná mànàmáná wa ń yí nígbà 50 láàrin àkókò kan náà. Ọ̀pọ̀ fóònù sì ń ya 30, ìyẹn ni gílóòbù gbọ̀ngàn ìnáwó fi ń jó lórí fídíò tí a fi wọ́n yà. "Iná ń ṣẹ́jú" ni kí á pè é. Bí fóònù bá gbà, kí á yí i sí 25, kí ojú kámẹ́rà sì máa ṣí fún ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá.

Àwọn yòókù kò le. Bí àwòrán bá ń rọra wọnú òkùnkùn, jẹ́ kó ṣú; bó bá ń jáde bọ̀, jẹ́ kó mọ́. Bí a bá fẹ́ gbọ́ ìlù kí á tó rí onílù, jẹ́ kí ohùn ṣáájú, ọ̀rọ̀ yìí sì yéni ju ti Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi ìrísí lẹ́tà J pè é. Ní ti àwọ̀, bọ́tìnnì tó ń fi nọ́ńbà hàn kò lè sọ ohun tí fòò, rúsúrúsú àti báláú ń sọ. "Ojú ìyàwó ti funfun báláú, dá a padà": ọmọ iṣẹ́ ti mọ ibi tí yóò yí i dé.

Ó wá ku orúkọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Olóòtú ti ní ọkọ tó pọ̀ jù: ó wà nídìí ìwé ìròyìn, ó wà nídìí ètò rédíò, nínú fíìmù Yorùbá ó sì jẹ́ ẹni tó gbé eré jáde. Atòwòrán ni mo mú wá, kí ó jókòó ti ayàwòrán. Kí wọ́n kọ ọ́ sójú fíìmù, kí orúkọ ẹni náà tẹ̀ lé e. Bó bá tẹ́ àwọn ará Ọjà Ọba lọ́rùn, wọn á máa pè é; bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ẹ́dítọ̀ kò tíì sá lọ.