Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Orin Orílẹ̀-Èdè Lẹ́nu Àwọn Eléré Ìdárayá

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí òwe yìí ṣàjèjì sí. Bí ọmọ bá hùwà àìdáa láwùjọ, òun ni àwọn àgbà fi ń bá òbí rẹ̀ wí. Bí ọmọ bá sì ṣe ohun ìwúrí, òun kan náà ni wọ́n fi ń yin ilé tó ti jáde wá. Ọmọ ló wà lóde tí gbogbo ojú ń wò, ṣùgbọ́n ilé ni òwe náà ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń bi ilé léèrè ohun tó dì fún ọmọ kó tó jáde. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi wo awuyewuye kan tí kì í tán lágbo eré ìdárayá: kí agbábọ́ọ̀lù tò sórí pápá nílẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n lu orin orílẹ̀-èdè rẹ̀, kí ó sì pa ẹnu mọ́.

Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024, ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ bá ti Ireland gbá bọ́ọ̀lù ní Dublin. Lee Carsley ni akọ́nimọ̀ọ́gbá fìdíhẹ ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Birmingham ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Ireland ló gbá bọ́ọ̀lù fún. Ó ti sọ ọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé òun kò ní í kọ orin orílẹ̀-èdè, pé nígbà tí òun wà nínú ikọ̀ Ireland pàápàá, òun kì í kọ tiwọn, nítorí àsìkò yẹn ni òun máa ń kó ọkàn òun jọ sórí eré tó wà níwájú. Lójú tèmi, àlàyé ọmọlúàbí ni. Síbẹ̀, àwọn kan fárígá ní Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé ó ta ìlú. Nígbà tí eré parí, Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ ayò 2, Ireland kò rí ẹyọ kan jẹ. Declan Rice àti Jack Grealish ló jẹ wọ́n. Rice ti wọ aṣọ ikọ̀ àgbà Ireland rí, Grealish sì ti wọ ti ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wọn. Àwọn tó fẹ́ fi ètè ènìyàn mọ ilé rẹ̀, ibo ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà?

Ó yẹ ká mọ bí orin ṣe dé orí pápá. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 1905, ikọ̀ rọ́gíbì New Zealand wá bá ti Wales wọ̀yá ìjà ní Cardiff. Àwọn àlejò náà jó haka wọn, ijó ogun àwọn Māori tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba alátakò. Nígbà tí wọ́n jó tán, Teddy Morgan, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Wales, dá orin ilẹ̀ baba wọn, Hen Wlad fy Nhadau, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbè é, ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹwòran bá gbà á lẹ́nu wọn. Wales borí pẹ̀lú 3 sí òdo, Morgan kan náà ló sì gba àmì náà wọlé. Ìgbà náà ni àkọsílẹ̀ kọ́kọ́ sọ pé wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè kí ìdíje láàárín orílẹ̀-èdè méjì tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ìtàn yìí ni pé kò sí ìjọba tó pàṣẹ. Evan James àti ọmọ rẹ̀, James James, ló gbé orin náà kalẹ̀ ní Pontypridd lọ́dún 1856, ní èdè Welsh. Fún ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni àwọn ènìyàn wọn ti ń kọ ọ́ láàárín ara wọn, ní èdè tí àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ìgbà náà kò kà sí. Nígbà tí Morgan la ẹnu, orin náà ti gbó lẹ́nu gbogbo ará Wales tó wà níbẹ̀. Ilé ni wọ́n ti gbé e wá. Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Wọ́n lu The Star-Spangled Banner níbi ìdíje béísìbọ́ọ̀lù ńlá ti ọdún 1918, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, ọkàn àwọn òǹwòran sì ru sókè. Ọdún 1931 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ọ́ di orin orílẹ̀-èdè. Àwọn ènìyàn ti gba orin náà kí òfin tó dé.

Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti yí òwe náà sódì. Lọ́dún 1996, nígbà ìdíje bọ́ọ̀lù Yúróòpù, Jean-Marie Le Pen, olóṣèlú Faransé tó kórìíra àwọn àjèjì, dìde sí ikọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó ní àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ìran wọn ti òkèèrè wá kún inú rẹ̀, pé wọn kì í kọ La Marseillaise tàbí pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Michel Platini, tó jẹ́ balógun ikọ̀ Faransé tó gba ife Yúróòpù lọ́dún 1984, ti sọ ọ́ pé nígbà tiwọn, àwọn kì í kọ orin náà. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìlú baba wọn nígbà náà. Ní ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 1998, Zinedine Zidane, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Algeria, fi orí gbá ayò 2 wọlé nínú àṣekágbá ife àgbáyé, Faransé na Brazil ní 3 sí òdo, gbogbo ìlú sì tú jáde sí ìgboro. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Faransé àti Algeria pàdé nínú pápá kan náà. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bí sí Faransé gan-an súfèé bo La Marseillaise mọ́lẹ̀, wọ́n sì ya wọ orí pápá títí eré náà kò fi lè parí. Lọ́dún 2003 ni òfin jáde pé ẹni tó bá tàbùkù orin orílẹ̀-èdè lójúde yóò san owó ìtanràn. Òfin bẹ́ẹ̀ lè dá súfèé dúró, ṣùgbọ́n kò lè fi orin sí ọkàn ọmọ tí ó gbà pé ìlú kò kà á sí ọmọ.

Sípéènì ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí pátápátá. Orin orílẹ̀-èdè wọn kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ sí i, wọ́n tilẹ̀ ṣe ìdíje fún un, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé èyí tó borí jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2008, ariwo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kó o wọlé padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ikọ̀ tí kò ní ọ̀rọ̀ kan láti kọ yẹn ló gba ife Yúróòpù lọ́dún 2008, tó gba ife àgbáyé lọ́dún 2010, tó tún gba ti Yúróòpù lọ́dún 2012. Ta ló lè sọ pé àwọn ọmọ náà kò fẹ́ràn ilẹ̀ wọn?

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwa Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ, nítorí a ní oríkì. Bí wọ́n bá ń ki ọmọ Olófà tàbí ọmọ Oníkòyí níbi ìnáwó, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń kì ló ń pe ohùn. Yóò dúró, orí rẹ̀ yóò wú, omi a sì máa bọ́ lójú rẹ̀ nígbà mìíràn. Kò sí àgbà kan tí yóò sọ pé ọmọ náà kò fẹ́ràn ìdílé rẹ̀ nítorí pé kò bá wọn ké e. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí Francois Pienaar, balógun ikọ̀ rọ́gíbì Gúúsù Áfíríkà, ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹfà, ọdún 1995, lọ́jọ́ àṣekágbá ife àgbáyé rọ́gíbì, tí Ààrẹ Mandela wọ aṣọ ikọ̀ náà wá sí pápá Ellis Park. Wọ́n lu Nkosi Sikelel' iAfrika, orin tí Enoch Sontonga kọ lọ́dún 1897, tí àwọn ènìyàn dúdú ti fi ja ìjà òmìnira. Pienaar sọ lẹ́yìn náà pé òun kò lè kọ ọ́, ọkàn òun kún ju bí ohùn ṣe lè jáde lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe rí Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, níbi ìdíje eré sísá àgbáyé ní Eugene lọ́dún 2022. Ó ti sáré 100 mítà olókìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, ó fọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé, ó sì gba wúrà. Nígbà tí wọ́n lu orin Nàìjíríà, ẹkún ló ń sun.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sọ pẹ̀lú. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Iran pa ẹnu mọ́ níbi ife àgbáyé ní Qatar ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí ìlú wọn ń gbóná lẹ́yìn ikú Mahsa Amini, ọ̀dọ́bìnrin tí àwọn ọlọ́pàá mú. Ilé tó ń jó ni wọ́n gbé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ti wá.

Ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Lọ́dún 1960, Nigeria, We Hail Thee ni a fi gba òmìnira. Lillian Jean Williams ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Frances Benda ló sì ṣe ohùn rẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Lọ́dún 1978 a pa á tì fún Arise, O Compatriots, tí wọ́n ṣà lára iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà márùn-ún, tí B. A. Ogunnaike àti P. O. Aderibigbe wà nínú wọn, ẹgbẹ́ onílù àwọn ọlọ́pàá lábẹ́ Ben Odiase sì fi ohùn sí i. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni a fi kọ ọ́ ní ìlà àárọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tó dá ti àtijọ́ padà, lẹ́yìn tí àwọn aṣòfin ti sáré gbé e kọjá láìjẹ́ kí ará ìlú sọ tẹnu wọn. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí Super Eagles bá Gúúsù Áfíríkà ta ọ̀mì 1 sí 1 ní Úyò. Fisayo Dele-Bashiru, tí wọ́n bí ní Hamburg, tó sì dàgbà ní Manchester, ló jẹ ayò wa. Orin wo ni à bá retí lẹ́nu irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwa tí a ń gbé ilé pàápàá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ? Èmi kò bá orin àtijọ́ jà. Ohun tí mo kọ̀ ni ìwàǹwára tí wọ́n fi yí i padà, nítorí orin a máa pẹ́ kó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Orin nìkan kọ́ sì ni ẹ̀ṣọ́. Lọ́dún 2016, Super Falcons gba ife Áfíríkà ní Cameroon, wọ́n padà sí Àbújá, wọ́n sì ní láti fẹ̀hónú hàn títí dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kí wọ́n tó rí owó wọn gbà. Níbi Òlíḿpíìkì Tokyo, ní oṣù Keje ọdún 2021, wọ́n dá eléré wa mẹ́wàá dúró, nítorí pé wọn kò ṣe iye àyẹ̀wò oògùn tí òfin béèrè fún wọn kí wọ́n tó débẹ̀. Ní Paris lọ́dún 2024, Favour Ofili kúnjú òṣùwọ̀n láti sá 100 mítà, ṣùgbọ́n wọn kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìlú tó ṣe báyìí sí ọmọ kò lẹ́nu láti béèrè ìdí tí ètè rẹ̀ kò fi mì.

Àwọn ọmọ wa ti wà káàkiri. Bukayo Saka ń gbá fún Gẹ̀ẹ́sì. Ademola Lookman, tí wọ́n bí ní London, gba ife àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2017, ó sì di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà lọ́dún 2024 pẹ̀lú Nàìjíríà. David Alaba, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògèrè Rẹ́mọ, ti jẹ́ balógun Austria. Èyí tó bá yan Nàìjíríà nínú irú wọn, ẹ má ṣe dúró ti tẹlifíṣọ̀n láti ka ètè rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tó wà lókè òkun, ẹ kọ́ wọn ní orin náà nílé bí ẹ ṣe ń kọ́ wọn ní oríkì wọn. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún yí i padà. Ẹ̀yin aláṣẹ eré ìdárayá, ẹ san owó àwọn ọmọ náà lásìkò, kí ẹ sì fi orúkọ wọn sílẹ̀ kí ọjọ́ tó kọjá.