Ìdàpọ̀ Kóró, Kì í Ṣe Ìjópọ̀

Láti òpópónà Ọba Akran ní Ìkejà títí dé Agége, jórinjórin là ń pe ẹni tó ń so irin mọ́ irin. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé "ìjópọ̀" ló máa kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu fún ohun tí oòrùn fi ń mú agbára jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ ń wá bí wọn yóò ṣe fi pèsè iná mànàmáná. N kò fara mọ́ ọn. Irin méjì tí a jó pọ̀, irin náà ni. Ṣùgbọ́n bí diutéríọ̀mù àti trítíọ̀mù, oríṣi háídírójìn méjì, bá wọnú ara wọn, hílíọ̀mù ló ń dà, nútírọ́ọ̀nù kan á sì fò jáde tagbára-tagbára. Nǹkan kan ò jó níbẹ̀. "Ìdàpọ̀ kóró" ló yẹ ẹ́. Kóró ni ti àárín átọ́ọ̀mù. Ká sì má yá "fíúṣọ̀n" lò o: oníṣẹ́ iná tó bá gbọ́ ọ, fíúsì ni yóò lọ wò.

Plásímà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gáàsì tó gbóná débi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fi já kúrò lára átọ́ọ̀mù ni, inú rẹ̀ sì ni ìdàpọ̀ náà ti ń wáyé. Ìkòkò kankan ò lè gbà á, nítorí náà òòfà ràgàjì ni wọ́n ń kọ́ ní ibùdó ìwádìí ITER, nílẹ̀ Faransé, láti fi gbé e dúró. Iléeṣẹ́ Zap Energy ní Amẹ́ríkà fẹ́ ẹ̀rọ tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀: wọ́n ń gba iná kọjá láàárín plásímà fúnra rẹ̀, òòfà tí iná yẹn bá dá sílẹ̀ ló ń fún un mọ́ra. "Fún" ti tó. A kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìwọ̀n agbára. Ta ló mọ mẹ́gájúùlù ládùúgbò Ọgbà? Yúníìtì la mọ̀, èyí tí à ń rà sínú mítà, mẹ́gájúùlù 3.6 ló sì wà nínú ọ̀kan. Ní December 5, 2022, ní California, àwọn onímọ̀ fi lésà mẹ́gájúùlù 2.05 lu epo ìdàpọ̀, 3.15 sì jáde. Gbogbo ayé hó yèè. Èyí tó jáde yẹn ò pé yúníìtì kan! Iná tí ẹ̀rọ lésà náà fà sì tó nǹkan bí mẹ́gájúùlù 300, ìyẹn yúníìtì tó lé ní 80. Oníṣòwò kì í pe ìyẹn ní èrè.

Kò tíì sí iléeṣẹ́ kankan láyé tó ń ta iná ìdàpọ̀ kóró. Iléeṣẹ́ Helion ti ṣe àdéhùn pẹ̀lú Microsoft pé òun yóò bẹ̀rẹ̀ ní 2028. Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju "kóró" lọ, kó tètè mú un wá.