William Onyeabor, Olórin Enugu

William Onyeabor (1946–2017) jẹ́ olórin àti oníṣòwò ọmọ Ígbò ní ìlú Enugu. Láàárín ọdún 1977 sí 1985, ó gbé ọ̀pọ̀ àwo orin jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Wilfilms. Ẹ̀rọ synthesizer, ìyẹn dùùrù abánáṣiṣẹ́ tí ń ṣẹ̀dá oríṣiríṣi ohùn, ni òpómúléró àwọn àwo bíi Atomic Bomb (1978) àti Good Name (1983).

Nígbà tó yá, ó di onígbàgbọ́ àtúnbí, ó pa orin ayé tì, kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ni àhesọ fi rọ́nà wọlé: onírúurú ìtàn ni wọ́n ń pa nípa ibi tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ àti bí ó ṣe rí owó ra ẹ̀rọ.

Ní 2013, ilé-iṣẹ́ Luaka Bop ní New York ṣa àwọn orin náà jọ sínú àwo kan. Ní 2014, David Byrne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ wọ́n lórí ìtàgé ní ìlú náà. Onyeabor kò bá wọn kọ ọ́. Àwọn olùgbọ́ tí kò rí i sójú rí ni wọ́n sọ ọ́ di ẹni ńlá. Nítorí náà, àwọn àwo rẹ̀ ni ó yẹ kí òpìtàn kọ́kọ́ gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, kí ó tó fetí sí àhesọ.