Ilé ní Sùúrùlérè, Ọjà ní Erékùṣù

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá rí òṣìṣẹ́ Èkó tí ó jí ní agogo mẹ́rin òru láti lọ jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ẹ má ṣe yára sọ pé ìfẹ́ mọ́tò ni ó ń dà á láàmú. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó gbé ilé rẹ̀ jìnnà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1955 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín erékùṣù Èkó, lórí ilẹ̀ tí ètò rẹ̀ tó nǹkan bí 70 éékà. Wọ́n ní ilé ibẹ̀ há, ó sì dọ̀tí. Èyí kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Wọ́n kọ́ ilé tuntun sí Sùúrùlérè, ní òdì kejì ọ̀sà, fún àwọn tí wọ́n lé jáde. Ilé náà mọ́, ó sì láyè. Ṣùgbọ́n ọjà kò bá wọn lọ.

Ní erékùṣù, ìyá oníṣòwò a pàtẹ sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Aránṣọ a jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀, oníbàárà a sì wá bá a. Ọmọ a fi ẹsẹ̀ rìn lọ kí ìyá rẹ̀ àgbà ní alẹ́. Gbogbo èyí wá di ohun tí a ń fi owó ọkọ̀ ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni Afárá Carter nìkan ni mọ́tò lè gbà dé erékùṣù nígbà náà. Peter Marris, onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bi àwọn ènìyàn náà léèrè, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ó rí i pé owó ọkọ̀ ń ni wọ́n lára, oníbàárà ti tú ká, àwọn arúgbó sì ń retí àwọn ọmọ tí kì í wá déédéé mọ́. Lójú tèmi, èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó burú jù lọ. Orúkọ àdúgbò náà ní sùúrù lérè. Ẹni tí ó bá ti dúró de bọ́ọ̀sì níbẹ̀ rí ti sùúrù, kò tíì rí ti èrè.

Lẹ́yìn náà, ní ayé Gómìnà Lateef Jakande, Ìpínlẹ̀ Èkó pinnu láti fi ọkọ̀ ojú irin kó àwọn ará ìlú lọ síbi iṣẹ́. Ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Ní 1990 ni a ṣí Afárá Third Mainland, tí ó gùn tó kìlómítà 11.8: mọ́tò ni a kọ́ ọ fún. Ìlú sì ń tẹ̀lé ọ̀nà mọ́tò lọ, títí dé Ìkòròdú, títí dé Ọ̀tà.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí a fagi lé ti ìṣáájú ti lè ní ọmọ tí ó tó yín, tí ó ti ń jí ní òru wọ dánfó lọ sí ilé-ìwé.