Ìtàn Páàkì Ẹ̀gbẹ́ Títì Nínú Ìdánwò Ìwakọ̀: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Olùdánniwò

Ìfáárà

Ní ìpàdé ẹ̀ka wa kan, a gbé fọ́ọ̀mù tí a fi ń yẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò lẹ́nu ìdánrawò ìkọ́ni kalẹ̀ láti tún un ṣe. Ọ̀kan nínú wa dá a lábàá pé kí a yọ abala kan kúrò, ìyẹn ibi tí a ti ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì fún fífi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tí ó bá kọ sójú pátákó. Ó ní ọ̀pọ̀ ń kùnà níbẹ̀, àti pé fóònù ti ń bá ènìyàn fi àmì sórí ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí àwọn tó ń ṣe ìdánwò ìwakọ̀ náà yọ páàkì kúrò, nítorí gbogbo ayé ló ń bẹ̀rù rẹ̀. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Nígbà tí a wo ìtàn rẹ̀, a rí i pé àwọn kan ti yọ ọ́ kúrò lóòótọ́, a sì rí i pé àwọn mìíràn ṣe ìdánwò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fi í kún un. Ìdí tí àwọn yìí fi fi kún un àti ìdí tí àwọn tọ̀hún fi yọ ọ́ ni ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí.

Páàkì tí a ń sọ ni èyí tí awakọ̀ ti ń fi ẹ̀yìn wọ àyè tó wà láàárín ọkọ̀ méjì ní ẹ̀gbẹ́ títì, tàbí lẹ́yìn ọkọ̀ kan, títí ọkọ̀ tirẹ̀ náà yóò fi dúró gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí títì. A ó máa pè é ní páàkì ẹ̀gbẹ́ títì.

Ìdánwò tí kò ní páàkì nínú

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni òfin ìrìnnà wa ti ṣẹ̀. Òfin ọkọ̀ ti ọdún 1903 ni ó mú kí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ di dandan níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìdánwò kankan. Ẹni tó bá ti pé ọdún 17, tó sì ní ṣílè 5 lọ́wọ́, ó di awakọ̀ nìyẹn. Báyìí ni wọ́n ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí ó fi di 1934, ó lé ní 7,000 ènìyàn tí ó kú sójú títì láàárín ọdún kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó wà ní gbogbo ilẹ̀ náà kò ju bíi mílíọ̀nù 2 ààbọ̀ lọ. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún náà, nígbà tí Leslie Hore-Belisha jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà, ni ó dá ìdánwò sílẹ̀. Ní oṣù kẹta 1935, ẹni tó bá wù ló ń ṣe é. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún náà, ó di dandan fún àwọn awakọ̀ tuntun. Ṣílè 7 àti kọ́bọ̀ 6 ni owó rẹ̀. Kò tilẹ̀ sí ilé ìdánwò nígbà náà: etí ibùdó rélùwéè tàbí inú ọgbà ìgbafẹ́ ni olùdánniwò ti ń pàdé ẹni tí yóò dán wò.

Wọ́n ń wo bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń fọwọ́ júwe ibi tí ó ń lọ, bí ó ṣe ń dúró lójijì, bí ó ṣe ń yí ọkọ̀ padà lójú títì, àti bí ó ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn. Páàkì ẹ̀gbẹ́ títì kò sí níbẹ̀. Ó yéni. Títì ṣófo, ẹni tó bá fẹ́ dúró yóò kàn fi imú ọkọ̀ kọrí sí ẹ̀gbẹ́ ni.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé ẹ̀gbẹ́ títì di ohun ọ̀wọ́n. Ní oṣù keje 1935 yìí kan náà, ìlú Oklahoma City ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ agbowó páàkì àkọ́kọ́ kalẹ̀. Lọ́dún 1958, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù. Àyè tí ènìyàn ń sanwó fún kì í gbòòrò; ọkọ̀ kan níwájú, ọkọ̀ kan lẹ́yìn. Síbẹ̀, ọdún 1991 ni páàkì ẹ̀gbẹ́ títì tó wọ inú ìdánwò ìwakọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 56 ni ìdánwò fi wà láìsí i, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn ń páàkì lójoojúmọ́. Ìdánwò kì í tètè gbọ́ ohun tí ojú títì ń sọ. A kò lè bú wọn, nítorí a mọ bí ó ti máa ń pẹ́ tó kí ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ tiwa tó yí padà.

Kí ni ó ń dán wò gan-an?

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbi yìí. Táyà iwájú ọkọ̀ ni ó ń yí sọ́tùn-ún sósì. Ti ẹ̀yìn kì í yí, ó kàn ń tẹ̀ lé e ni. Bí awakọ̀ bá fi imú wọ àyè tóóró, imú yóò dé etí títì, ṣùgbọ́n ìdí ọkọ̀ yóò kù sójú ọ̀nà, kò sì sí bí yóò ṣe fà á wọlé. Bí ó bá fi ẹ̀yìn wọ̀ ọ́, ìdí yóò kọ́kọ́ wọlé, imú tó lè yí yóò sì wá bá a. Nítorí náà, awakọ̀ yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ iwájú, yóò máa rọra fi ẹ̀yìn bọ̀, yóò yí ìdarí sí ọ̀nà etí títì. Nígbà tí ìdí bá ti ń wọlé, yóò yí i padà sí òdìkejì kí imú lè wọlé.

Ewu rẹ̀ wà ní àárín iṣẹ́ náà. Nígbà tí ojú awakọ̀ wà lẹ́yìn, imú ọkọ̀ rẹ̀ ń yọ sójú títì níbi tí kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ mìíràn ti ń kọjá. Etí títì tó sì ń wá, ẹ̀gbẹ́ èrò ni ó wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Díńgí ni yóò fi mọ ibi tí ó wà. Ìdí nìyí tí olùdánniwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í fi wo ibi tí ọkọ̀ dúró sí nìkan. Ó ń wo bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wo yíká, bí ó ṣe ń dúró fún ẹni tó ń bọ̀, bí ó ṣe ń kó ọkọ̀ níjàánu. Akẹ́kọ̀ọ́ lè tún sún síwájú kí ó ṣe àtúnṣe, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọlé gbọọrọ láìwẹ̀yìn lè kùnà.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan kúrò

Ní 2010, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dín iṣẹ́ ìfẹ̀yìnrìn tí ẹnìkan yóò ṣe lọ́jọ́ ìdánwò kù sí ẹyọ kan. Olùdánniwò ni yóò yan èyí tí yóò jẹ́. Nítorí èyí, akẹ́kọ̀ọ́ lè má pàdé páàkì ẹ̀gbẹ́ títì rárá, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, torí kò sí ẹni tó mọ èyí tí yóò kan òun. Ní oṣù kejìlá 2017, wọ́n yọ fífi ẹ̀yìn yí kọ́nà àti yíyí ọkọ̀ padà lójú títì kúrò. Méjèèjì yìí ti wà nínú ìdánwò tipẹ́tipẹ́. Páàkì ẹ̀gbẹ́ títì ṣẹ́kù. Kì í ṣe pé èyí tí wọ́n yọ ló le jù ú lọ. Ohun tí awakọ̀ ń ṣe lójoojúmọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbé, òdìkejì ni wọ́n ṣe. Ní oṣù karùn-ún 2015, wọ́n yọ páàkì ẹ̀gbẹ́ títì kúrò nínú ìdánwò wọn. Àwọn kan bínú, wọ́n ní wọ́n ń ṣe ojú àánú fún ọ̀lẹ. Àlàyé ìjọba ni pé iṣẹ́ ìfẹ̀yìnrìn mìíràn tó wà nínú ìdánwò náà ti ń wo ọgbọ́n kan náà. California kì í béèrè rẹ̀ ní tirẹ̀. Ní ti ẹ̀rọ, láti 2003 ni Toyota ti ń ta ọkọ̀ Prius tó lè bá awakọ̀ yí ìdarí nígbà páàkì ní Japan. Ọdún 14 lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àtúnṣe 2017 yẹn, wọn kò sì tìtorí ẹ̀rọ yọ páàkì.

Ní tiwa, ọwọ́ òsì ni a ń gbà wakọ̀ bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, tí a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ìdarí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà lápá ọ̀tún bá etí títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, páàkì sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju ti ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun lọ! Lóde òní, ọmọkùnrin kan ni yóò dúró lẹ́yìn ọkọ̀, tí yóò máa gbá búùtù, tí yóò máa pariwo: "Máa bọ̀, máa bọ̀! Gé e sọ́tùn-ún! Ó tó!" Òun ni díńgí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọjọ́ tí kò bá sí níbẹ̀ ni a máa ń mọ ohun tí a kọ́.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé padà sí ìpàdé

A kò rí ibì kan nínú ìtàn yìí tí "wọ́n ń kùnà" ti tó fún ìdí. Ohun tí Maryland sọ ni ó yẹ kí a bi ara wa: bí a bá yọ abala àmì ohùn, abala wo lórí fọ́ọ̀mù wa ni yóò máa wo ọgbọ́n kan náà? A wá a, a kò rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ "ọkọ" sójú pátákó láìfi àmì sí i nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì kò mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro oko. Fóònù kò sì sí lójú pátákó.

Ní ìpàdé kejì, abala náà dúró lórí fọ́ọ̀mù pẹ̀lú máàkì 5. Ohun tí a fi kún un ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá padà sí pátákó láti tún àmì ṣe kí ẹ̀kọ́ tó parí kò ní pàdánù máàkì. Ẹni tó dá àbá àkọ́kọ́ kò tíì gbà. Ó ní òun yóò tún gbé e dìde ní sáà tó ń bọ̀.